Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣọ́ Ìforígbárí ní CERN

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ikọ̀ méjì ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ATLAS àti CMS, gbé àwòrán kan jáde tó gba oorun lójú àwọn onímọ̀ físíìsì káàkiri ayé. Lórí ìlà kan tó yẹ kó máa rọra sọ̀ kalẹ̀, gegele kékeré kan yọrí sókè ní àyíká GeV 750 (GeV ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí èérún ṣe wúwo tó). Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé èérún kan tí ìwé kankan kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń yọjú. Kí ọdún tó yí po, àwọn onímọ̀ tó ń fi ìṣirò ṣàlàyé ìṣẹ̀dá ti kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2016, dátà tuntun ti wọlé ní ìlọ́po-ìlọ́po, gegele náà sì ti pòórá. Ẹnikẹ́ni kò parọ́, ẹ̀rọ kankan kò sì bàjẹ́. Èèṣì lásán ni, irú èyí tí kò lè ṣe kó má ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá ń ka ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé ló máa ń kọ kóòdù tó ń ya irú gíráàfù bẹ́ẹ̀. Nípa wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí a bá gbọ́ orúkọ CERN, èérún tí wọ́n ń pè ní Higgs boson ló ń wá sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀bùn Nobel àti ẹ̀rọ tó tóbi jù láyé. Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká yẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sí fún jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ láti má ṣe tètè gba ara wọn gbọ́.

CERN wà lẹ́bàá ìlú Geneva, lórí ààlà Switzerland àti ilẹ̀ Faransé. Orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó parí, kí àwọn onímọ̀ tí ogun ti tú ká lè rí ibi tí wọ́n á ti jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó tóbi jù níbẹ̀ ni LHC. Inú ihò roboto kan ló wà, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, tí wọ́n gbẹ́ sí nǹkan bí mítà 100 nísàlẹ̀, lábẹ́ oko àti abúlé. Páìpù méjì gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn tán, àwọn èérún tí wọ́n ń pè ní pírótọ́ọ̀nù sì ń sáré nínú wọn, àwọn kan ń yí sí ọ̀tún, àwọn yòókù sí òsì. Òòfà 1,232, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 15, tó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 35, ló ń tẹ ọ̀nà wọn kí wọ́n má bàa ya bàrá. Kí iná lè gba inú òòfà wọ̀nyí láìsí ìdíwọ́ kankan, hílíọ́ọ̀mù olómi ló ń mú wọn tutù dé ìwọ̀n 271 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pírótọ́ọ̀nù kan ń yí ihò náà po ju ìgbà 11,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́tùn-ún àti àwọn tó ń bọ̀ lósì forí gbárí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ aṣàkíyèsí mẹ́rin, tí ikọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jókòó sí: ATLAS, CMS, ALICE àti LHCb. ATLAS nìkan gùn ní mítà 46, ó sì ga ní mítà 25, gíga ilé alájà méje tàbí mẹ́jọ.

Àwọn pírótọ́ọ̀nù kì í sáré lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń lọ ní ìṣùpọ̀-ìṣùpọ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 100 nínú ìṣùpọ̀ kan. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìṣùpọ̀ méjì ń gba inú ara wọn kọjá láàárín ATLAS tó ìgbà mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìforígbárí bí 60 sì lè wáyé nínú ẹyọ ìpàdé kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè pa gbogbo èyí mọ́. Ìdí nìyí tí ètò kan fi wà tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa tọ́jú àti ohun tí wọ́n máa dà nù. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ ń pinnu láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú 100,000 ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń mú nǹkan bí 100,000 péré nínú mílíọ̀nù 40 náà. Ìpele kejì, tó jẹ́ àgbájọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, tún ń sẹ́ ìwọ̀nyí títí yóò fi ku ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Ẹni tó ń sẹ́ ògì lè padà fọ eérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bó bá fura pé ògì ṣì kù níbẹ̀. Èyí tí ATLAS bá dà nù kò ní ibi tí a ti ń wá a mọ́. Ọ̀dọ́ tó kọ ìlànà tí ìpele kejì ń tẹ̀ lé mọ èyí dájú: bí ìlànà rẹ̀ bá ní kí wọ́n tọ́jú kìkì ohun tí agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n báyìí lọ, ohunkóhun tó fara pa mọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn ti lọ pátápátá. Ó ń ṣèpinnu lórí ohun tí kò tíì rí, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní rí láéláé. Ẹrù ńlá ni fún ẹni tí kò tíì kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ tán.

Báwo ni ọ̀dọ́ ṣe ń débẹ̀? CERN fúnra rẹ̀ kì í fúnni ní oyè. Yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀ sí, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànù, ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀gá rẹ̀ á sì rán an lọ sí Geneva fún ìgbà díẹ̀ tàbí ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní apá ilẹ̀ Faransé, ní Saint-Genis-Pouilly tàbí àwọn abúlé tó yí i ká, nítorí owó ilé ní Geneva ga ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì tàbí gun kẹ̀kẹ́ kọjá ààlà láàárọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí R1, ni ojúde CERN. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti dárúgbó sẹ́nu iṣẹ́ àti ọmọ tó dé lánàá á jọ tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wọ́n á máa wo yìnyín orí òkè Mont Blanc lọ́ọ̀ọ́kán. Orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn, láti orí ọ̀gá dórí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi "ẹ káàárọ̀, sà" tọ́ dàgbà máa kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ń há òun lẹ́nu.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ kì í sábà jẹ mọ́ ìwádìí tó wù ú. Ní ATLAS, orúkọ èèyàn kò ní wọ inú àpilẹ̀kọ ikọ̀ náà àfi tó bá ti fi nǹkan bí ọdún kan ṣe iṣẹ́ kan fún ànfààní gbogbo ikọ̀. Ó lè jẹ́ pé kó ṣàyẹ̀wò bóyá ohun tí apá kan ẹ̀rọ ń wọ̀n bá òótọ́ mu, tàbí kó kọ kóòdù tí yóò máa wá ibi tí okùn iná ti ń ṣe ségesège, tàbí kó jókòó ti àwọn pátákó sílíkọ̀n pẹlẹbẹ tí wọ́n máa fi rọ́pò èyí tó ti gbó, kó máa dán wọn wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kì í gbayì níta, kò sì sí oníròyìn tó ń béèrè nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ náà ti ń mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀, tí á fi mọ ọ̀nà tó ń gbà purọ́ fúnni. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ̀ bóyá ohun tó wà lórí gíráàfù òun jẹ́ èérún tuntun tàbí wáyà tí kò dé ojú ibi tó yẹ.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ rẹ̀ á wọ orí ìwé, á sì jókòó síbi tí ábídí bá fi í sí. Ní ọdún 2015, ATLAS àti CMS pa ọwọ́ pọ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìwọ̀n Higgs boson. Àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ 5,154. Nínú ojú ìwé 33 tó jẹ́, orúkọ àwọn èèyàn àti yunifásítì wọn gba ojú ìwé 24. Àwọn kan ń rí èyí bí ohun ẹ̀rín. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó so wáyà, ẹni tó fòru ṣọ́ ẹ̀rọ àti ẹni tó ṣe ìṣirò ìkẹyìn ló jọ ni iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń wá Higgs boson nínú èérún méjì péré, nítorí ọ̀nà yẹn ló yé èèyàn jù. Higgs boson kì í pẹ́ láyé rárá; kó tó rìn dé ibi tí ẹ̀rọ kankan wà, ó ti tú ká. Nǹkan bí méjì nínú 1,000 wọn ló ń tú sí fótọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn èérún ìmọ́lẹ̀. Fótọ́ọ̀nù kò ní iná nínú, nítorí náà òòfà kò lè tẹ̀ ẹ́, kò sì ní fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní inú lọ́hùn-ún ẹ̀rọ, níbi tí àwọn èérún oníná ti ń fi ojú ọ̀nà wọn hàn. Ìgbà tó bá dé ìpele tó tẹ̀ lé e ló máa tú gbogbo agbára rẹ̀ dà sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ibi tí agbára bá tú sí láìsí ipa ẹsẹ̀ tó lọ síbẹ̀. Tó bá rí irú rẹ̀ méjì, á wo iye agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan àti bí àárín wọn ṣe fẹ̀ tó, á sì fi ṣírò ìwọ̀n ohun tó bí àwọn méjèèjì. Á gbé àmì kan sórí gíráàfù. Á tún ṣe é fún òmíràn, àti òmíràn, títí àmì á fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe Higgs rárá. Fótọ́ọ̀nù méjì tó kàn jọ wá lásán ni, wọ́n sì ń ya ìlà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí Higgs bá wà, gegele kan á yọ lórí ìlà yẹn, ní ojú kan náà nígbà gbogbo. Ojú ibẹ̀ já sí GeV 125.

Ibí ni ìdẹkùn wà. Ọkàn èèyàn fẹ́ rí gegele. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i tó fẹ́ yọ, ó lè yí ìlànà rẹ̀ díẹ̀, kó yọ àwọn àmì kan tó "dà bí èyí tí kò dára," gegele á sì ga sí i, láìjẹ́ pé ó ní èrò láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bo ojú dátà. Ibi tí ohun tí wọ́n ń wá ti lè fara hàn, wọn kò ní ṣí i wò rárá. Dátà àtọwọ́dá ti kọ̀ǹpútà àti apá ibi tí kò sí ìrètí kankan ni wọ́n á fi ṣe gbogbo ìlànà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ẹlòmíràn nínú ikọ̀ tí iṣẹ́ wọn ni láti wá ihò inú rẹ̀. Oṣù ń gun oṣù lórí èyí. Ìbéèrè tí wọ́n máa dáhùn lè tó ọgọ́rùn-ún lórí àpilẹ̀kọ kan. Ìgbà tí gbogbo ẹnu bá kò pé ìlànà náà dára ni wọ́n tó máa ṣí ojú dátà, ohun tí wọ́n bá sì bá níbẹ̀, òun náà ni wọ́n á gbé jáde, bó dùn bó korò. Mi ò mọ iṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti ń dè èèyàn lọ́wọ́ báyìí kí ìfẹ́ inú rẹ̀ má bàa borí ojú rẹ̀.

Bí gegele bá wá yọ, ó ṣì kù. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rí ni síígmà. Síígmà 3 kò tó láti pariwo. Síígmà 5 ni ààlà: ìyẹn ni pé èèṣì lásán kò lè mú irú gegele bẹ́ẹ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ìgbà. Ti GeV 750 kò tó 4. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ikọ̀ náà ń wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíráàfù lọ́dún. Ẹni tó bá wo ibi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò bá èèṣì pàdé níbì kan.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, síígmà 5 dé fún Higgs boson. Fabiola Gianotti sọ ti ATLAS, Joe Incandela sọ ti CMS, Peter Higgs tó ti sọ tẹ́lẹ̀ láti ọdún 1964 pé ó yẹ kí irú èérún bẹ́ẹ̀ wà sì jókòó nínú gbọ̀ngàn, ó ń nu omijé. Ohun tó wú mi lórí jù lọ́jọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti sùn sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà láti òru kí wọ́n lè ríbi jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ikọ̀ méjèèjì kì í fi àbájáde wọn han ara wọn tẹ́lẹ̀, kí ti ẹnì kan má bàa fa ti èkejì. Nítorí náà ẹni tó mọ ti ATLAS ní láti jókòó kó gbọ́ ti CMS lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

Kí a padà sí òru lásán, nítorí òru lásán pọ̀ ju òru Higgs lọ. Bí LHC bá ń ṣiṣẹ́, kì í sinmi, nítorí náà àwọn èèyàn ń ṣe ṣíífù wákàtí 8 tọ̀sán-tòru ní yàrá ìṣàkóso. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń pọ̀ jù lára wọn. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ojú kọ̀ǹpútà bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà. Títí àwọn tó ń darí LHC yóò fi kéde pé pírótọ́ọ̀nù ti dúró déédéé lójú ọ̀nà wọn, àwọn apá tó gbẹgẹ́ jù nínú ẹ̀rọ aṣàkíyèsí kì í gba iná kíkún, kí pírótọ́ọ̀nù tó bá ṣìnà má bàa bà wọ́n jẹ́. Bí ìkéde náà bá jáde, iná á gòkè, nọ́ńbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ wọn di wíwò. Àwòrán kan wà tó ya gbogbo apá ẹ̀rọ bí ẹni tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ojú kan ṣoṣo bá pọ́n gan-an láàárín èyí tó tutù, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ní láti pinnu bóyá agbára tòótọ́ ló balẹ̀ síbẹ̀ tàbí apá kékeré kan ló ń pariwo lórí asán. Tó bá rú u lójú, á tẹ onímọ̀ tó ń dúró de ìpè láago, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Gbogbo ohun tó ṣe ló máa kọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó máa ka dátà yẹn lọ́dún mẹ́ta sí i ní láti mọ̀.

Ìgbà mìíràn, ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ẹranko kékeré kan já wọ inú tiransifọ́mà iná kan ní ìta, ó sì paná LHC fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí pírótọ́ọ̀nù kọ́kọ́ yí ihò náà po. Ìsopọ̀ iná kan láàárín òòfà méjì yọ́, hílíọ́ọ̀mù bẹ́ jáde, ó sì ti àwọn òòfà náà kúrò lórí ìdúró wọn. Ju òòfà 50 lọ ni wọ́n ní láti gbé jáde. Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá kí ẹ̀rọ tó tún ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí dátà láti fi gboyè sì wà níbẹ̀ láìrí nǹkan kan kà. Àwọn kan lára wọn ní láti fi dátà àtọwọ́dá kọ ìwé ìwádìí wọn.

Iṣẹ́ tó dúró pẹ́ kò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbani fún, kí èèyàn tó tún kó ẹrù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Tọkọtaya tó ń gbé ní ìlú méjì kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wọn, púpọ̀ sì ń bọ́ sí ilé iṣẹ́ báńkì, ìṣègùn tàbí kọ̀ǹpútà. Ó dùn mí pé a ń pàdánù wọn báyìí, àmọ́ kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ń dù wọ́n.

Ní ti ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ni CERN. Gúúsù Áfíríkà, Mòrókò àti Íjíbítì ti ní yunifásítì nínú àwọn ikọ̀ yìí. Ọmọ Tógò kan, Ketevi Assamagan, tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí Higgs boson ní ATLAS, wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ físíìsì ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Stellenbosch, ó sì ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà náà, Gánà, Senegal, Rùwáńdà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa lè kọ́ nípa iṣẹ́ yìí láìkọ́kọ́ rí físà Yúróòpù gbà. Ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ooru ní CERN náà ń gba díẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹni tí kò tíì rí ọ̀nà kankan nínú ìwọ̀nyí kò ní láti dúró. Láti ọdún 2014 ni CERN ti ń gbé dátà tòótọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti CMS. Mú àwọn ìforígbárí tó ní méjì lára èérún tí wọ́n ń pè ní múọ́ọ̀nù, ṣírò ìwọ̀n ohun tó bí wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún fótọ́ọ̀nù, kí o sì ya á. Wàá rí èérún tí wọ́n ń pè ní J/psi ní GeV 3.1, Upsilon ní àyíká 9.5, àti Z ní 91. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti Python, èdè kóòdù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti tó fún un. Olùkọ́ físíìsì ní Ìlọrin tàbí ní Porto-Novo lè fún kíláàsì rẹ̀ ní iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì ní kí wọ́n sọ fún òun, kí wọ́n tó ya á, irú àmì tí wọ́n máa jù nù àti ìdí rẹ̀.